Ọdún Òjò-dídì ní Ìlú Sapporo: Ta Ni Ń Ṣọdún, Ta Ni Ń Wòran?

Àwọn àgbà wa ní ọmọdé tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ẹni tí ó bá sì dé oko ẹlòmíràn, bí ó bá jẹ́ ọlọgbọ́n, kì í kàn ka iye ebè inú rẹ̀ kí ó sì padà sílé. A máa bèèrè ẹni tí ó kọ ebè náà, irú ọkọ́ tí ó fi kọ ọ́, àti ẹni tí ó ni ilẹ̀ náà kí oko tó débẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ bá ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú gbogbo sọ̀rọ̀ lóṣù yìí nípa ọdún òjò-dídì tí wọ́n máa ń ṣe ní ìlú Sapporo, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Jàpáànù, èyí tí a fi ojú ara wa rí nígbà tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní erékùṣù Hokkaido. A kò wá ròyìn ohun ìyanu láti fi dá yín lára yá lásán. Ọ̀ràn kan wà nínú ọdún náà tí ó kan ilé olúkúlùkù wa, a ó sì sọ ọ́ ní gbangba kí a tó fi kálámù lélẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ wa lè yé ẹni tí kò rìn jìnnà, ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí òjò-dídì í ṣe. Kì í ṣe yìnyín tí í máa dún lórí páànù wa ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Òjò-dídì fúyẹ́ bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Kì í dún bí ó bá ń bọ̀. Ẹni tí ó sùn kò ní mọ̀ pé ó ń rọ̀, àfi ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ tí ó rí i pé ọ̀nà, òrùlé àti igi ti di funfun báláú. Ní Sapporo, ìlú tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sún mọ́ 2,000,000, bí a bá wọn èyí tí ó ń bọ́ lójoojúmọ́ ní ìgbà òtútù tí a sì ro ó pọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 5 lọ́dún kan. Àwọn ará ìlú kì í yọ̀ mọ́ ọn bí àwa ti í yọ̀ mọ́ òjò àkọ́rọ̀. Ṣọ́bìrì ni wọ́n fi ń kó o kúrò lẹ́nu ọ̀nà ní ìdájí. Bí wọ́n bá jẹ́ kí ó pọ̀ jù lórí òrùlé, ó lè wó ilé. Bí ó bá sì dì mọ́ ilẹ̀, arúgbó lè yọ̀ ṣubú kí egungun rẹ̀ ṣẹ́. Ọ̀tá onílé ni, ìnáwó ìjọba sì ni.

Ní àárín ìlú náà, pápá tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Odori. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà kan ààbọ̀. Ní ọdún 1871 ni wọ́n ti yà á sọ́tọ̀, kí iná tí ó bá ṣẹ́ ní apá kan ìlú má bàa ràn dé apá kejì. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n sọ ọ́ di oko oúnjẹ. Nígbà tí ogun sì parí, ibi tí wọ́n ń da òjò-dídì tí wọ́n gbá kúrò ní títì sí ni ó dà. Ẹ jẹ́ kí á rántí irú àkókò tí ó jẹ́. A ti ṣẹ́gun ilẹ̀ Jàpáànù ní 1945. Àwọn àjèjì ni ó ń ṣe àkóso rẹ̀ títí di 1952. Ebi àti ìtìjú sì ti jọ jẹ àwọn ènìyàn náà níyà. Nínú irú ipò bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ìlú Sapporo bọ́ sórí ààtàn òjò-dídì yìí ní ọdún 1950, tí wọ́n sì gbẹ́ ère mẹ́fà láti inú rẹ̀. Àwọn ènìyàn tí ó wá wò ó tó nǹkan bí 50,000.

Ẹ kíyèsí i pé ohun tí wọ́n fi ṣe ọdún náà kì í ṣe ohun tí wọ́n fi owó rà. Ohun tí ó ń da gbogbo ìlú láàmú, tí gbogbo ènìyàn ń fẹ́ kí ó lọ, òun gan-an ni àwọn ọmọ náà sọ di ẹwà. Ẹ sì kíyèsí i pẹ̀lú pé kì í ṣe àwọn àgbà ni ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ gbẹ́ ère, tí wọ́n wá pe àwọn ọmọ láti wá pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ọwọ́ ọmọ ni ó kọ́kọ́ kan òjò-dídì náà. Àgbà ni ó wá wòran.

Láti ìgbà náà ni ọdún náà ti ń dàgbà. Ní 1955 àwọn ọmọ-ogun ilẹ̀ náà bá wọn dá sí i, ère ńláńlá tí ó ga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì bẹ̀rẹ̀ sí dúró ní Odori. Ní 1972 eré ìdíje Olímpíìkì ti ìgbà òtútù wáyé ní Sapporo, gbogbo ayé sì mọ orúkọ ìlú náà. Ní 1974 àwọn ará ilẹ̀ mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí wá bá wọn díje nínú ère gbígbẹ́. Ọdún náà gan-an ni epo mọ́tò wọ́n tí kò sì sí ọkọ̀ tí ó tó láti kó òjò-dídì wá sí pápá. Àgbá epo òfìfo ni wọ́n tò sí abẹ́ ère, tí wọ́n sì fi òjò-dídì bò ó lórí. Wọn kò torí ọ̀wọ́n epo fi ọdún sílẹ̀. Ní 2019, nígbà tí ó di ẹlẹ́ẹ̀kẹtàdínláàádọ́rin lé mẹ́ta, èyíinì ni ìgbà 70, àwọn tí ó wá lé ní 2,700,000. Àrùn Kòrónà ni kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn lè péjọ sí pápá ní 2021 àti 2022. Ní 2023 wọ́n tún padà síbẹ̀.

Bí wọ́n ti í gbẹ́ ère wọ̀nyí yẹ ní sísọ, nítorí àwọn ọmọ ọ̀nà wà nínú ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí. Pákó ni wọ́n kọ́kọ́ kàn pọ̀ bí àpótí ńlá tí kò ní ìdérí. Wọn a kó òjò-dídì tí ó mọ́ tónítóní láti ẹ̀yìn ìlú wá, wọn a rọ ọ́ sínú àpótí náà, wọn a sì máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti í tẹ amọ̀ ilé. Bí ó bá ti le, wọn a tú pákó kúrò, wọn a sì fi àáké àti ṣọ́bìrì gé e láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Níbi tí imú tàbí ìka ọwọ́ bá kù, òjò-dídì tí a fi omi pò ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn, òtútù a sì sọ ọ́ di líle bí òkúta. Báyìí ni wọ́n ṣe ń gbẹ́ ààfin ọba, ilé-ìsìn olókìkí ti ilẹ̀ òkèèrè, ẹranko, àti àwọn ẹni inú àlọ́ ọmọdé. Iṣẹ́ àwọn ńlá inú wọn a máa gbà tó oṣù kan. Ní alẹ́, wọn a tan iná aláràbarà sí wọn lára, àwọn ènìyàn a sì máa rìn lọ rìn bọ̀ láàrin wọn pẹ̀lú pòtétò gbígbóná tí wọ́n fi bọ́tà sí lórí, èémí ẹnu olúkúlùkù a máa rú bí èéfín.

Àwọn ère ńlá náà dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ni ó mú wa dúró pẹ́. Ní apá kan pápá náà, àwọn ère kéékèèké wà, tí gíga àti ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó nǹkan bí mítà 2 kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Ti àwọn ará ìlú ni. Àwọn ẹbí, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan náà, àwọn aládùúgbò, àwọn ọmọ ilé-ìwé, wọn a fi orúkọ sílẹ̀, wọn a sì ṣẹ́ kèké láti mọ àwọn tí yóò rí àyè. A rí baba kan tí ó mú àwọn ọmọ rẹ̀ dání, tí ń na ìka sí etí ológbò kan tí wọ́n gbẹ́. Àbíkẹ́yìn nínú wọn, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, ń ṣàlàyé fún ẹni tí kò bi í léèrè pé òun ni òun ṣe etí náà. Etí náà wọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi ọmọ náà ní ogún ọdún sí i pé ta ni ó ni ọdún òjò-dídì ti Sapporo, a mọ ìdáhùn tí yóò fún un.

Nǹkan kan tún wà tí ó yà wá lẹ́nu. Ní ọjọ́ kejì tí ọdún bá parí, katapílà a wọ inú pápá, a sì wó gbogbo ère ńlá wọ̀nyí lulẹ̀ kí wọ́n má bàa ya lu ènìyàn. Iṣẹ́ oṣù kan di òkìtì ní òwúrọ̀ kan. Àwọn ènìyàn a dúró wò ó, ẹnikẹ́ni kì í sunkún. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ère kọ́ ni ọdún náà, ọwọ́ tí ó mọ ère í gbẹ́ ni. Bí ọwọ́ bá ṣì mọ̀ ọ́n, kí ère lọ. Yóò tún dé ní ọdún tí ń bọ̀. Bí ọwọ́ bá ti gbàgbé, bí a tilẹ̀ kó gbogbo ère sínú ilé dígí kí á sì fi ẹ̀ṣọ́ tì í, ọdún ti kú.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbí, ìyìn nìkan ni à bá fi fún Sapporo. Ṣùgbọ́n a ti wí pé ẹni tí ó dé oko ẹlòmíràn a máa bèèrè ẹni tí ó ni ilẹ̀. Orúkọ Sapporo gan-an kì í ṣe èdè Jàpáànù. Èdè àwọn Ainu ni, àwọn tí ó ti wà ní erékùṣù náà kí ìjọba Jàpáànù tó sọ ọ́ ní Hokkaido ní 1869. Láti ìgbà náà ni àwọn àtìpó ti ń wọlé lọ́pọ̀lọpọ̀ láti gúúsù. Ìjọba gba ilẹ̀ àwọn Ainu, ó pín in fún àwọn àlejò. Ó ní kí wọ́n má pa ẹja odò àti àgbọ̀nrín inú igbó bí wọ́n ti í ṣe tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èyí ni oúnjẹ wọn. Ó ní kí àwọn obìnrin wọn má fín ojú mọ́. Ní 1899 wọ́n ṣe òfin kan tí wọ́n ní ó jẹ́ òfin ìdáàbòbò fún wọn. Lábẹ́ òfin náà, ilé-ìwé tí àwọn ọmọ Ainu lọ, èdè Jàpáànù ni ó fi kọ́ wọn. Òfin yìí wà nílẹ̀ fún ọdún 98, nítorí ọdún 1997 ni wọ́n tó fagi lé e.

Àwọn Ainu náà ní ọdún tiwọn. Orúkọ èyí tí ó ga jù nínú wọn ni Iomante. Nínú ìgbàgbọ́ wọn, òrìṣà ni ẹranko béárì tí ó wá bẹ ènìyàn wò nínú aṣọ onírun. Wọn a mú ọmọ béárì láti inú ihò rẹ̀, wọn a tọ́ ọ láàrin abúlé fún ọdún kan tàbí méjì bí ẹni tọ́ ọmọ. Nígbà tí ó bá tó àkókò, wọn a kó ara jọ, wọn a kọrin, wọn a jó, wọn a pa á, wọn a sì fi ẹ̀bùn rán ẹ̀mí rẹ̀ padà sí ọ̀dọ̀ àwọn òrìṣà, kí ó lè lọ ròyìn pé àwọn ènìyàn ṣe òun dáadáa. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè wí pé àṣà náà kò tẹ́ òun lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ní 1955, ìjọba Hokkaido kéde pé ìwà àìlajú ni Iomante, kí ẹnikẹ́ni má ṣe é mọ́. Ọdún 2007 ni wọ́n tó ká ìkéde náà kúrò.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ tún ka ọdún wọ̀nyí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní 1955 àwọn ọmọ-ogun ìjọba wá ran àwọn ará Sapporo lọ́wọ́ láti sọ ọdún òjò-dídì, tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà láyé, di ńlá. Ní 1955 kan náà ni ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ náà di ọdún àwọn onílẹ̀ mú, ọdún tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Lórí erékùṣù kan náà, ọdún kan rí onígbọ̀wọ́, èkejì rí òfin. A kò wí pé àwọn ọmọ ilé-ìwé tí ó gbẹ́ ère ni ó ṣe ibi náà. Ọwọ́ wọn mọ́. Ohun tí a ń wí ni pé ayọ̀ tí ó wà ní pápá Odori kò sọ gbogbo ìtàn ilẹ̀ tí a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ níbẹ̀.

Ọdún tí a dí lọ́nà ṣì lè padà, bí èdè tí a fi ń ṣe é bá ṣì wà lẹ́nu ọmọ. Níhìn-ín ni àdánù àwọn Ainu ti pọ̀ jù. Ní 2009, àjọ UNESCO ka èdè wọn mọ́ àwọn èdè tí ó kù díẹ̀ kí ó parun. Ní 2008 ìgbìmọ̀ aṣòfin Jàpáànù gbà pé ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n. Ní 2019 wọ́n fi òfin gbé e lẹ́sẹ̀. Ní 2020 wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá kan fún wọn ní Shiraoi, orúkọ rẹ̀ ni Upopoy. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kì í rẹ ọmọ lẹ́kún ní òru. Ìyá tí yóò fi èdè náà rẹ ọmọ rẹ̀ lẹ́kún ni ó ṣọ̀wọ́n, òun ni owó ìjọba kò sì lè rà.

Èyí tí ó kù lọ́wọ́ wọn, àwọn ènìyàn díẹ̀ ni ó gbà á sílẹ̀. Ọmọbìnrin Ainu kan wà tí ń jẹ́ Chiri Yukie. Ẹnu ìyá àgbà rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni ó ti gbọ́ àwọn orin ìtàn àtayébáyé. Ó kọ mẹ́tàlá nínú wọn sílẹ̀ ní lẹ́tà A, B, D, ó sì túmọ̀ wọn sí èdè Jàpáànù. Ní 1922 ó kú ní ọmọ ọdún 19. Ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ẹlòmíràn ni Kayano Shigeru, ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ èdè Ainu fún àwọn ọmọdé ní abúlé rẹ̀ ní Nibutani ní 1983, tí ó di Ainu àkọ́kọ́ nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin Jàpáànù ní 1994, tí ó sì fi èdè baba rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ilé náà. Ó kú ní 2006. Bí àwọn bí irú méjì wọ̀nyí bá ti pọ̀ tó igba nígbà náà, tí wọ́n sì tètè bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á wo ilé. Kò sí gómìnà kan tí ó fi ìkéde ká wa lọ́wọ́ kò bí ti 1955. Ọba wa ń bẹ lórí ìtẹ́, ọdún wa ń wáyé, àwọn tí ń sọ èdè wa sì pọ̀ lọ bí yanrìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni a wí, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé àwọn ọlọ́lá ìlú wà lónìí tí ọmọ kò lè kí baba baba rẹ̀ ní òwúrọ̀ kí ó má fi Gẹ̀ẹ́sì bọ̀ ọ́. Ilé-ìwé wà ní ìlú aládé tí wọ́n ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tí ó bá sọ èdè Yorùbá láàrin ọgbà. Èyí tí ìjọba fi òfin ṣe sí àwọn Ainu, àwọn kan nínú wa ń fi owó ara wọn ra á fún ọmọ wọn, wọ́n sì ń gba rìsíìtì.

Ní ti ọdún wa, ìbéèrè tí a fi ṣe orí ọ̀rọ̀ yìí ni a tún fẹ́ bi yín: ta ni ń ṣọdún, ta ni ń wòran? Ẹ lọ sí ibi ọdún ìlú yín kí ẹ wo ibi tí àwọn ọmọ wà. Ẹ ó rí wọn lẹ́yìn okùn, fóònù lókè lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń ya àwòrán ohun tí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó fi owó sílẹ̀ ni wọ́n lè kà lára aṣọ tí a ta sókè. Oríkì àdúgbò tí ń kọjá lọ níwájú wọn, wọn kò gbọ́ ọ rí. Ní Sapporo pẹ̀lú, àwọn ilé-iṣẹ́ a máa fi owó sílẹ̀, a kò sì bínú sí wọn. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ tí ó ṣe etí ológbò kò bèèrè ilé-iṣẹ́ tí ó sanwó. Ó mọ èyí tí òun ṣe.

Ẹnìkan lè wí pé ọdún òjò-dídì kò ní òrìṣà nínú, pé ọdún ti àwa ní ẹbọ nínú, báwo wá ni ọmọ onígbàgbọ́ tàbí ọmọ Mùsùlùmí yóò ti ṣe bọ́ sí i? Ọ̀rọ̀ gidi ni èyí, a kò sì ní yẹra fún un, nítorí pé ọ̀nà ìwàásù ni a fi ń jẹun. Ohun tí ó jẹ́ ti àwọn olórìṣà, kí á fi sílẹ̀ fún àwọn olórìṣà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kì í ṣe tiwa láti kéde pé ìwà àìlajú ni, bí ìjọba Hokkaido ti ṣe, títí ọdún 52 fi kọjá kí ojú tó tì í. Ṣùgbọ́n oríkì ìdílé kì í ṣe ẹbọ. Ìtàn bí a ti tẹ ìlú dó, orúkọ ẹnu ibodè, ìlù tí a fi ń pe olóyè, aṣọ tí a ń hun, àlọ́ tí a ń pa, kò sí ìsìn tí ó kọ̀ wọ́n. Ẹ wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. Láti inú ìbẹ̀wò ọpẹ́ tí àwọn Mùsùlùmí ń ṣe sí ọ̀dọ̀ Awùjalẹ̀ lẹ́yìn Iléyá ni ó ti hù jáde. Lónìí, ọmọ ìlú tí ó jẹ́ onígbàgbọ́ a máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde, kò sì sẹ́ni tí ó bi í ní ìsìn tí ó ń ṣe. Ọdún tí ó bá fẹ́ gba gbogbo ọmọ ìlú yóò wá àyè fún wọn.

Ẹlòmíràn yóò wí pé Gẹ̀ẹ́sì ni oúnjẹ wà nínú rẹ̀, kí á má fi èdè Yorùbá dá àwọn ọmọ dúró. Àwa tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kíkọ́ wọ ọkọ̀ òfurufú dé Hokkaido kò jẹ́ kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Jàpáànù tí a kọ́ kò fi èdè tiwọn sílẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ọ. Èdè ìyá wọn ni wọ́n fi ń kọ́ ìṣirò àti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Nílé níhìn-ín pàápàá, láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò kù lẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì; wọ́n tayọ. Síbẹ̀, ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí ní 2022 pé kí á fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà, ìjọba àpapọ̀ náà ni ó tún yí i padà ní 2025. Ẹni tí ó bá gbé ìrètí èdè rẹ̀ ka orí ìwé Abuja, afẹ́fẹ́ lè gbé ìwé náà lọ.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀ ẹ́ yín fún, kò sì sí èyí tí ó gba owó púpọ̀ nínú wọn.

Èkínní, kí ìgbìmọ̀ ọdún ní ìlú kọ̀ọ̀kan fún ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tí ó jẹ́ iṣẹ́. Kì í ṣe pé kí wọ́n tò wọ́n sínú oòrùn láti fi àsíá kékeré júwe sí àlejò pàtàkì. Kí ilé-ìwé kan ki oríkì àdúgbò rẹ̀. Kí òmíràn ṣe eré ìtàn bí a ti tẹ ìlú dó. Kí òmíràn fi amọ̀, igi tàbí aṣọ ṣe ohun tí a ó gbé jáde ní ọjọ́ náà. Bí etí ológbò bá wọ́, ẹ jẹ́ kí ó wọ́. Àwọn ọmọ 1950 pàápàá kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ààfin.

Èkejì, kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ mú ìwé àti kálámù lọ bá àgbà kan ní àkókò ìsinmi rẹ̀, kí ó sì kọ mẹ́tàlá sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọbìnrin Ainu nì: oríkì, àlọ́, orin iṣẹ́ oko, ìtumọ̀ orúkọ odò àti orúkọ oko. Kí ẹ̀dà kan wà ní ààfin, kí ẹ̀dà kan wà ní ilé-ìwé, kí á sì máa fi kọ́ ọmọ. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a ń ṣiṣẹ́, a ti ṣetán láti gba ẹrù yìí. Ohun tí a ń fẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin ìjòyè ni pé kí ẹ má lé àwọn ọmọ náà kúrò lẹ́nu ọ̀nà yín.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ìjòyè tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ ilé-ìwé, àti ẹ̀yin tí ẹ tilẹ̀ ni ilé-ìwé fúnra yín, ẹ fa òfin ìtanràn yẹn ya. Kí ó má jẹ́ pé ní ìlú ọba Yorùbá ni a ti ń fi ìyà jẹ ọmọ nítorí pé ó sọ̀rọ̀ bí ìyá rẹ̀ ti bí i. Nígbà tí ẹ bá sì dé ilé, kí ó máà sí ọmọ-ọmọ yín kan tí yóò bá yín sọ̀rọ̀ kí ó tó kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kí yín ní Yorùbá.

Òjò-dídì Sapporo a máa yọ́ ní oṣù Máàṣì àti Éépírì, kò sì sí ẹni tí ẹ̀rù ń bà, nítorí pé Ọlọ́run ni ó ń rọ òmíràn. Èdè kì í rọ̀ láti òkè. Ẹnu ìyá àti baba ni ó ti ń bọ̀ sí etí ọmọ, bí ìran kan ṣoṣo bá sì dákẹ́, ìran kejì kò ní rí ohun tí yóò sọ. Àwọn ọdún wa ti sún mọ́lé. Kí ìlú kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀ sí ta aṣọ sókè, tí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí to àga fún àwọn àlejò, ẹ kọ́kọ́ ránṣẹ́ pe àwọn olùkọ́ ìlú yín, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè iṣẹ́ tí àwọn ọmọ yóò ṣe.